Kòkòrò Ti Dákẹ́, Ọkàn Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa ní Ilémọ̀nà

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí òní yóò jẹ́ ká ṣe ogún ọdún, yóò sì jẹ́ ká ṣe àádọ́ta.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí alukoro sọ̀rọ̀ lónìí, ohun tí ọ̀pọ̀ yín rò ni pé ọ̀rọ̀ owó ni n óò sọ, nítorí iṣẹ́ báǹkì ni mò ń ṣe. Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ owó díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkàn ni mo gbé wá. Ọkàn tó ń lù kì-kì-kì nínú àyà ni mo ní lọ́kàn, ti àwọn tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV láàárín wa. N kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo fẹ́ sọ, mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n ni, mo sì kà á. Ikú ẹ̀gbọ́n mi kan ló mú mi béèrè.

Agbo ilé kan náà ni wọ́n bí wa sí. Àwọn ló kọ́ mi ní ìṣirò tí mo ń jẹ lónìí. Ìyàwó wọn ló gbà mí láàyè kí n sọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ, n kò sì ní dárúkọ.

Ọdún 2007 ni ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé àwọn ní kòkòrò HIV. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Wọn kò fẹ́ kí ará ilé rí wọn, nítorí náà wọ́n máa ń wọkọ̀ kọjá ilé ìwòsàn méjì tó ń fún ni ní oògùn náà, títí wọn yóò fi dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ṣe èyí, wọn kò sì fi ọjọ́ kan pa oògùn jẹ. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, èsì kan náà ló ń jáde: kòkòrò náà kò tó iye tí ẹ̀rọ lè rí mọ́. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á padà sílé. Wọ́n sanra, ara wọn ń dán, àwa ọmọ ilé sì ń kí wọn kú oríire. Orí a máa fọ́ wọn láàárọ̀, wọ́n á ra paracetamol ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 2020, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́. A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó tún un wọ̀n, nítorí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́: 210 lórí 130. Dókítà bi ìyàwó wọn pé, “Oògùn wo ni wọ́n ń lò?” Àwa ọmọ ilé mẹ́rin la dúró níbẹ̀. Obìnrin náà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Wọn ò lo oògùn kankan.” Ó di ọjọ́ kẹta kó tó rí àyè pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì fi káàdì hàn án.

Oṣù mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi fi wà lórí ibùsùn. Ọmọ ọdún 53 ni wọ́n nígbà tí wọ́n fi ayé sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyàwó wọn tó fi káàdì náà han èmi náà. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n gba oògùn wà níbẹ̀. Iye kòkòrò wà níbẹ̀. Ìwúwo ara wọn wà níbẹ̀ láti orí kílò 61 títí dé 88. Àyè kan wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí a ń pè ní BP. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ẹyọ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlá. N kò lè dúró níwájú yín kí n ní HIV ló pa ẹ̀gbọ́n mi. N kò sì lè sọ pé kò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé àrùn éèdì wà ní Nàìjíríà. Orúkọ tí Yorùbá fún un nígbà náà ni kògbóògùn, nítorí pé kò gbọ́ oògùn lóòótọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, pe àwọn oníròyìn, wọ́n sì sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò lè sọ nígbà náà, pé éèdì ni. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ gan-an ló pa á, àti pé éèdì ló ti kó ọ̀pọ̀ wàhálà bá ara rẹ̀ ṣáájú. Gbogbo wa gbọ́ éèdì lọ́jọ́ náà. Díẹ̀ nínú wa ló gbọ́ ọkàn.

Láti ìgbà náà, nǹkan ti yí padà. Ní 2002, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní oògùn HIV ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tó di 2006, ó di ọ̀fẹ́. Àrùn kògbóògùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ oògùn. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan tó ní kòkòrò náà. Gbogbo wọn lápapọ̀ tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún-dín-ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1,900,000. Kí ẹnikẹ́ni má wo ojú ẹnì kejì rẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lónìí lè dàgbà, kó ṣe ìgbéyàwó ọmọ, kó gbé ọmọ ọmọ jó. Bí ẹ̀rọ kò bá rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Èyí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àbá, àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń dàgbà, àrùn àgbà náà yóò máa yọjú sí i. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, tí wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pọ̀, sọ pé ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ lára ẹni tó ní HIV tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní in.

Kí ló fà á? Ẹ ronú kan ọ̀nà márosẹ̀ tí sójà dí. Nígbà tí kòkòrò bá wọ ara, sójà ara á jáde. Oògùn á ṣẹ́gun kòkòrò, á lé e sá wọ ihò, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà ní ìkọ̀kọ̀, nítorí náà sójà kì í padà sí bárékè tán. Wọ́n á máa dáná sójú ọ̀nà láti ọdún dé ọdún. Ọ̀nà náà ni iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ara iṣan á máa bó, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á rí ibi lẹ̀ mọ́, ọ̀nà á fún. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí pátápátá, bó bá jẹ́ ní ọkàn, àyà lè dá dúró, bó bá jẹ́ ní ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni.

Oògùn náà ní tirẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan nínú oògùn HIV ti àtijọ́ máa ń fi kún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Dolutegravir tí wọ́n ń lò jù báyìí lágbára púpọ̀ lórí kòkòrò, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí àwọn kan sanra, pàápàá àwọn obìnrin. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dá oògùn dúró. Wọ́n ti dán ìyẹn wò rí. Nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006, àwọn ènìyàn 5,472 ni wọ́n pín sí méjì: apá kan ń lo oògùn lọ láìdáwọ́ dúró, apá kejì ń dá a dúró, wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń dá a dúró ni ikú àti àrùn pọ̀ sí láàárín wọn, àrùn ọkàn pàápàá wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró. Ẹni tó ju oògùn HIV sílẹ̀ nítorí ọkàn, ọkàn náà ló ń pa lára.

Ó wá ku bí a ṣe ń ṣírò ewu yìí. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́ mi.

Bí oníbàárà bá wá yá owó ní báǹkì, a kì í wo ojú rẹ̀ nìkan. Aṣọ tó dán kò sọ fún wa bóyá yóò san án. A ó béèrè iye tó ń wọlé fún un, gbèsè tó ti wà lọ́rùn rẹ̀, iye ọdún tó ti wà lẹ́nu òwò àti ẹni tó ṣe onídùúró fún un. A ó ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye kan á jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ṣe ń ṣe sí ọkàn. Ìlú kan tó ń jẹ́ Framingham ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́pa ènìyàn 5,209 ní 1948, láti mọ ohun tó ń fa àrùn ọkàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣirò tí ayé ń lò ti ṣẹ̀. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àtẹ tuntun jáde fún agbègbè 21 káàkiri ayé, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ní tirẹ̀ nínú wọn. Ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wò. Níbi tí kò bá sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àtẹ mìíràn wà tó fi bí ara ṣe wúwo sí gíga ènìyàn rọ́pò ṣúgà àti ọ̀rá. Àtẹ náà á sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó rí bí tìrẹ, iye báyìí ni àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ yóò mú láàárín ọdún mẹ́wàá. Àwọ̀ ewé ni fún ẹni tí tirẹ̀ kò tó 5, àwọ̀ pupa fún ẹni tí tirẹ̀ ti tó 20.

Ohun dáadáa ni àtẹ yìí. Nọ́ọ̀sì tó ní ẹ̀rọ BP àti òṣùwọ̀n lè lò ó ní abúlé. Àléébù rẹ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: kò sí àyè HIV nínú rẹ̀. Ó dà bí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tí kò béèrè gbèsè kan tí oníbàárà ti jẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní Yúróòpù gbé ìṣirò kan kalẹ̀ nítorí àwọn tó ní HIV gan-an, ṣùgbọ́n ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, bí àtẹ bá sọ pé ewu ẹni tó ní HIV jẹ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òun àti dókítà rẹ̀ ka 4 yẹn sí ìpìlẹ̀ ilé, òrùlé ṣì wà lókè.

Ìwádìí ńlá kan ti fi èyí hàn. REPRIEVE ni wọ́n pè é. Àwọn 7,769 tó ní HIV, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 75, ló wà nínú rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè 12. South Africa, Uganda, Zimbabwe àti Botswana wà níbẹ̀. Bí a bá fi ìṣirò lásán wò wọ́n, ewu wọn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ dókítà ìbá sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n fún ìdajì wọn ní oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, pitavastatin lórúkọ rẹ̀, lójoojúmọ́, wọ́n sì fún ìdajì ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ní 2023, èsì náà ti hàn débi pé wọ́n dá a dúró kí àkókò tó pé. Àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó lo oògùn náà. Ní 2024, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlànà pé kí dókítà gbé oògùn irú èyí yẹ̀ wò fún ẹni tó ní HIV, tó sì ti pé ogójì ọdún.

Ìyẹn kò ní ká sáré lọ ra á ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì o. Ọ̀kan wà nínú ẹbí oògùn yìí, simvastatin, tí kò gbọdọ̀ pàdé oògùn HIV tó ní ritonavir nínú. Bí wọ́n bá pàdé, ẹran ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kíndìnrín sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà tó mọ gbogbo oògùn rẹ ló lè yan èyí tó bá ọ mu. Bí o bá sì ń mu àgbo, dárúkọ àgbo náà fún un.

Ẹ ó rántí bí nǹkan ṣe rí ní báǹkì kí BVN tó dé ní 2014. Ẹnì kan á jẹ gbèsè ní báǹkì kan, á wọ aṣọ funfun, á lọ yá òmíràn ní báǹkì kejì. Báǹkì kejì kò mọ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ṣe ń gbé ara wọn kiri nìyẹn. Káàdì HIV wà ní ìlú kan, káàdì BP wà ní ìlú kejì, káàdì kan kò mọ èkejì. Ṣùgbọ́n ara kan ṣoṣo ni, kò ní ẹ̀ka. Gbèsè tí o fi pamọ́ fún dókítà, ọkàn rẹ ló ń san èlé rẹ̀.

Kí ló yẹ ká ṣe? Ẹni tó bá ń lo oògùn HIV, kó sọ fún nọ́ọ̀sì ní gbogbo ìgbà tó bá lọ gbà á pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọn BP mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.” Bó bá ti ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má fi orí fífọ́ tàn án. Kó yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí agbára bá wà. Bó bá ti pé ogójì ọdún, kó bi dókítà pé, “Kí ni ewu ọkàn mi, ṣé ẹ ka HIV mọ́ ọn?” Kó fi sìgá sílẹ̀. Kó dín iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ kù. Kó máa rìn. Kó sì jẹ́ kí ẹnì kan péré, ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tó ti dàgbà, mọ ibi tí káàdì wà àti pé òun gbà kí wọ́n fi han dókítà lọ́jọ́ wàhálà. Òfin ọdún 2014 ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi HIV yọ ènìyàn níṣẹ́ tàbí ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ ọkàn ìdílé. Àwa la ó ṣe ìyẹn fúnra wa.

Ti ẹgbẹ́ wa ni n óò fi parí. Ààrẹ, mo gbé àbá kan wá. Owó màlúù kan ṣoṣo nínú èyí tí a pa fún àjọ̀dún yìí tó ra ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìwọn-BP. Ẹ jẹ́ ká ra méjì fún ẹgbẹ́, ká fi ìyókù ta ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa lọ́rẹ. Ní ìpàdé oṣooṣù, kí gbogbo wa wọn ẹ̀jẹ̀ ká tó jókòó, kí kálukú kọ ti rẹ̀ sínú ìwé ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ní. Ẹni tó ní HIV àti ẹni tí kò ní, ìlà kan náà ni wọn yóò tò. Ẹni tó ń sá fún ojú ènìyàn kò ní í nídìí láti sá fún ìlà tí gbogbo ènìyàn wà.

Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń fi káàdì yẹn hàn mí, ó ní, “Nítorí yín ni mo ṣe parọ́ fún dókítà.” N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lónìí yìí ni èsì mi.

Àṣeyí ṣàmọ́dún o. Bí a ṣe pé lónìí, Olúwa kò ní í jẹ́ ká dín.

Alukoro ẹgbẹ́